Oríta tí kò sí nínú ìwé: títọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sọ́nà ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé oríta wà níwájú, kí ni yóò bèèrè? Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì rìn ní Amẹ́ríkà níbí, pàápàá jù lọ àwọn tí wọ́n wá láti inú ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye àti àwọn tí àìní ti dí lọ́nà láti kékeré, ìbéèrè yìí ni mo ń bá nídìí ọ̀pọ̀ ìjákulẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń rò pé àìmọ̀wé ló fà á. Ọmọ tó mọ ìwé dáadáa lè kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn tó ti gba ọ̀nà náà kọjá rí, tó lè sọ fún un pé ibí ni kí o ti yà, ibí ni kí o ti dúró kí o kọ́kọ́ wádìí. Ohun tí mo ń pè ní títọ́ni sọ́nà nìyẹn: kí ẹni tó ti kọjá fi oríta han ẹni tó ń bọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀.

Irú ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ ẹyọ kan. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ìran rẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà láti ayé ẹrú wà nínú wọn, ọmọ Mẹ́síkò tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ oko wà nínú wọn, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ọ̀nà jìn láti ilé wọn dé ilé ẹ̀kọ́ wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni aláwọ̀ funfun tó dàgbà ní abúlé orí òkè Appalachia níbi tí ilé iṣẹ́ ìwakùsà ti kógbá sílé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣí wá láti Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀, bákan náà ni àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn tó máa wọ yunifásítì, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń fi alẹ́ tọ́jú àwọn arúgbó, tí wọ́n á sì ti orí iṣẹ́ bọ́ sí kíláàsì ní òwúrọ̀.

Bí a bá wo àwọn tó ti wà nínú iṣẹ́ náà, ìyàtọ̀ hàn kedere. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2020 fi hàn pé nǹkan bí 81 nínú 100 nọ́ọ̀sì onípele RN (Registered Nurse, nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ ní kíkún) ló jẹ́ aláwọ̀ funfun, tí àwọn aláwọ̀ dúdú kò sì tó 7 nínú 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí 13 nínú 100 ará ìlú ni wọ́n. Iye àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì láàárín àwọn aláìsàn kò bá iye àwọn nọ́ọ̀sì tó lè dá wọn lóhùn mu rárá.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mary Eliza Mahoney, tó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1879 ní New England Hospital for Women and Children ní Boston, tí a sì kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún 15 ní ọsibítù yẹn kan náà, tó ń dáná, tó ń fọṣọ, tó ń nu ilẹ̀, kí wọ́n tó gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí àwọn kan nínú wọn máa ń fi iṣẹ́ náà pamọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bí ẹni pé ohun ìtìjú ni. Ní ọdún 1908, Martha Minerva Franklin kọ lẹ́tà kiri sí àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú, wọ́n péjọ sí New York, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ National Association of Colored Graduate Nurses sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé gbogbogbòò wọn ní Boston ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Mahoney fúnra rẹ̀ ló kí wọn káàbọ̀. Ẹgbẹ́ yìí ni Mabel Staupers ṣáájú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí kò sì dẹ́kun àròyé títí tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ fi ṣílẹ̀kùn fún àwọn nọ́ọ̀sì láìka àwọ̀ sí ní oṣù kìíní ọdún 1945, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi sì tẹ̀ lé wọn.

Nínú ogun yẹn kan náà ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń rò pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò fẹ́ ìwé ronú sí. Ní ọdún 1943, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó dá Cadet Nurse Corps sílẹ̀: ìjọba ló san owó ilé ẹ̀kọ́, ìjọba ló ra ìwé àti aṣọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gba owó ìnáwó lóṣooṣù, òfin náà sì kọ̀ ìyàtọ̀ ẹ̀yà. Nǹkan bí 3,000 obìnrin aláwọ̀ dúdú ló gba ibẹ̀ di nọ́ọ̀sì. Orí wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pé lọ́dún náà. Ìdènà ni wọ́n gbé kúrò.

Owó ṣì ni ìdènà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo bí ó ṣe ń dènà, nítorí kì í ṣe owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti gba Pell, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a kì í san padà, á ti gba ẹ̀yáwó mọ́ ọn, á sì rò pé ìṣòro ti parí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó tó lè fẹsẹ̀ kan wọ́ọ̀dù fún ìkọ́ṣẹ́, yóò ra aṣọ iṣẹ́, bàtà, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àyà àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì sanwó àyẹ̀wò ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, àyẹ̀wò oògùn olóró, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ẹ̀kọ́ CPR, ìyẹn bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró. Gbogbo rẹ̀ máa ń já lù ú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, tí a ó kọ gbogbo ìnáwó wọ̀nyí sílẹ̀, tí a ó sì wo ibi tí owó kọ̀ọ̀kan yóò ti wá. Mo tún máa ń sọ ohun kan fún wọn tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rí: bí òbí rẹ bá pàdánù iṣẹ́ lẹ́yìn tí o ti kọ FAFSA, ìwé tí a fi ń bèèrè owó ìrànwọ́ ìjọba, o lè lọ bá ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ yẹ̀ wò, nítorí owó tó wọlé ní ọdún tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ kọ́ ló ń wọlé báyìí. Òfin fún wọn láyè láti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀ kò ní kàn án.

Irú ìmọ̀ báyìí ni àwọn ọmọ dókítà àti ọmọ olùkọ́ ń gbọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́ láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé wákàtí tí olùkọ́ yà sọ́tọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ wà fún gbogbo ènìyàn, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi máa ń rò pé ẹni tó ti ṣẹ̀ tàbí tó ti ń kùnà ni wọ́n ń pè síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kan wà nínú sáà ẹ̀kọ́ tí ènìyàn fi lè yọwọ́ nínú kọ́ọ̀sì tí kò lọ dáadáa, kí lẹ́tà W, tó túmọ̀ sí pé ó yọwọ́, lè hàn nínú ìwé èsì rẹ̀ dípò F, tó túmọ̀ sí pé ó kùnà. Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló fi máàkì àṣeyege sí 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kì í sọ 74 àbọ̀ di 75, tí ẹni tó bá sì kùnà nínú kọ́ọ̀sì méjì sábà máa ń kúrò pátápátá. Bẹ́ẹ̀ sì ni yíyọwọ́ lè ba owó ìrànwọ́ jẹ́ bí ènìyàn kò bá kọ́kọ́ bèèrè. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún mi pé òun gba 71 nínú ìdánwò kejì, n kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ìtẹpámọ́ṣẹ́ fún un. A ó ṣírò iye tó gbọ́dọ̀ gbà nínú àwọn ìdánwò tó kù, a ó wo ọjọ́ ìyọwọ́, lẹ́yìn náà ni yóò lọ bá olùkọ́ àti ọ́fíìsì owó, pẹ̀lú ìbéèrè tí a ti jọ kọ sílẹ̀.

Ìdánwò nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ yẹ fún àlàyé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́n ti ń ṣe kàyéfì sí ara wọn. Ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n lè gbé síwájú rẹ, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ òtítọ́. Èwo ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe ni wọ́n ń bèèrè. Aláìsàn mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ, ta ni o ó kọ́kọ́ lọ wò? Mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì máa ń kùnà irú ìbéèrè yìí ju bó ti yẹ lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ iṣẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù. Wọ́n ń dáhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù tí òṣìṣẹ́ kò tó, tí wọ́n fi ń ronú pé kí àwọn sáré pe ẹlòmíràn, nígbà tí ìdánwò ń béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ yóò ṣe bí gbogbo ohun èlò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ní àyè láti ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣàlàyé èyí fún lẹ́ẹ̀kan, tó sì fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà, á yí padà ní ojú ẹni. Fún àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àbínibí wọn, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìlà tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá, kí wọ́n tó padà ka ìtàn gígùn tó wà lókè rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí jù lọ ni wọ́ọ̀dù. Nínú kíláàsì, máàkì ni máàkì. Ní wọ́ọ̀dù, ojú ènìyàn ni òṣùwọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí wọ́n kọ́ pé kí ó má tẹjú mọ́ àgbà, kí ó dúró kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀, á gba àkọsílẹ̀ pé kò ní ìgboyà àti pé kò fẹ́ kọ́ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Amẹ́ríkà, tó bá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ funfun ṣe sọ ọ́, lè gba àkọsílẹ̀ pé ìwà rẹ̀ le. Mo ti rí àkọsílẹ̀ méjèèjì láti ọwọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo, lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìkọ́ṣẹ́ kan náà. Ohun tí mò ń ṣe sí i nìyí. Fún ẹni tó ń dákẹ́, mo máa ń sọ pé ìwà ọmọlúwàbí rẹ kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ibi tí o wà yìí, bí o bá dákẹ́, wọ́n á rò pé o kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn. Nítorí náà, sọ ohun tí o rí jáde, kí o sì wo ojú ẹni tí o ń sọ ọ́ fún. Fún èkejì, n kì í sọ pé kí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo máa ń ní kí ó bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ náà, ní kíkọ sílẹ̀, pé ìwà wo ní pàtó, ní ọjọ́ wo, níwájú ta ni, kí ó sì tọ́jú ìdáhùn náà.

A tún máa ń fi fóònù ṣe ìdánrawò. Èmi á jẹ́ dókítà tí wọ́n jí lójú oorun, akẹ́kọ̀ọ́ á jẹ́ nọ́ọ̀sì tó pè é. Ìlànà SBAR, tí ilé ìwòsàn Kaiser Permanente mú wọ inú ìtọ́jú aláìsàn láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ni a ń lò: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, kí ni ìtàn aláìsàn yìí, kí ni àyẹ̀wò mi fi hàn, kí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Apá kẹrin ni gbogbo wọn máa ń fò. Ó ṣòro fún ọmọ tí wọ́n ti fi gbogbo ayé sọ fún pé kí ó mọ ipò rẹ̀ láti sọ fún dókítà pé, “Mo fẹ́ kí ẹ wá wo aláìsàn yìí nísinsìnyí.” A máa ń tún un sọ títí yóò fi jáde láìsí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀mí ènìyàn yóò rọ̀ mọ́ gbólóhùn yẹn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń ṣe wàhálà tó báyìí. Mo lè fi àpẹẹrẹ kan dáhùn. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa lò, àwọ̀ funfun ni wọ́n fi ṣàpèjúwe àìsàn: egbò tó pọ́n, ètè tó di búlúù, ara tó pọ́n rẹ́sùrẹ́sù. Lára aláwọ̀ dúdú, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀ láti wo inú ìpéǹpéjú, inú ẹnu, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná, kí ó fọwọ́ kan ibi tí ó fura sí bóyá ó gbóná tàbí ó le. Ní ọdún 2020, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine fi hàn pé ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sí ìka láti ka afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ máa ń kùnà láti rí àìtó afẹ́fẹ́ náà lára àwọn aláìsàn dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju ti àwọn funfun lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè nínú kíláàsì láti bèèrè pé, “Báwo ni èyí ṣe máa rí lára ìyá mi?” ń kọ́ gbogbo kíláàsì náà lẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè náà má jáde.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa orúkọ, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùtọ́sọ́nà ti ń dúró lójú ọ̀nà. Ìmọ̀ràn rọrùn láti fúnni. Kò ná wa ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ wọ ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tó wà nínú ewu ńlá, tàbí tó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì tuntun, ohun tó nílò ni kí ẹnì kan tí ọ̀gá wọ́ọ̀dù mọ̀ gbé fóònù, kí ó sì sọ pé, “Mo mọ ọmọ yìí, mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ sọ̀yà fún un.” Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe ìdúró. Mo gbà pé ó yẹ kí a ṣe é, kí a sì ṣe é fún ẹni tí kò bá wa tan, tí kò sọ èdè wa, tí kò sí nínú ìjọ wa. Àwọn tí a bí sínú ilé àwọn oníṣẹ́ ìlera ní irú fóònù yìí láti ọjọ́ tí a ti bí wọn.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ni NCLEX wà, ìdánwò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yege kí ó tó gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, ìbéèrè 85 ni ó kéré jù, 150 ni ó pọ̀ jù, wákàtí márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń yan ìbéèrè tó kàn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń dáhùn. Ó lè dúró ní 85 fún ẹni tó yege, ó lè dúró ní 85 fún ẹni tó kùnà, nítorí náà mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi iye ìbéèrè dá ara wọn lẹ́bi kí èsì tó jáde. Ẹni tó bá kùnà gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 45 ó kéré tán kí ó tó tún un ṣe, yóò sì tún san $200 fún ìforúkọsílẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo ti máa ń mọ olùtọ́sọ́nà tòótọ́, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ti parí tiwọn, ẹlẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ará ilé sì ti ṣe àjọyọ̀ ìwé ẹ̀rí tán, ojú sì ń ti akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A ó gbé ìwé èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kalẹ̀, èyí tó ń sọ apá tó ti wà lókè òṣùwọ̀n, apá tó sún mọ́ ọn àti apá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì fi ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yìí ni mo máa ń pe akẹ́kọ̀ọ́ lóòrèkóòrè jù lọ.

Kò pọn dandan kí olùtọ́sọ́nà jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́. Ó dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti rí ẹni tó jọ ọ́ nínú aṣọ RN, mi ò sì ní fojú kékeré wo ayọ̀ yẹn; ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn kò tó, bí a bá sì ń dúró dè wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní rí ẹnikẹ́ni. Ohun tó burú jù ni pé àwọn olùkọ́ dúdú àti Látínò (àwọn tí ìran wọn wá láti Látìn Amẹ́ríkà) díẹ̀ tó wà nínú ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń di gbogbo ẹrù yìí lé lórí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sunkún ń bọ̀ ní ọ́fíìsì wọn, gbogbo ìgbìmọ̀ ń fẹ́ orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ka wákàtí wọ̀nyí sí iṣẹ́ nígbà tí ìgbéga bá dé. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí máa lọ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ iye kọ́ọ̀sì tí olùkọ́ ń kọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ohun tí wọ́n fi ń gbé olùkọ́ ga. Ìjọba àpapọ̀ ti gbà láti ìgbà pípẹ́ pé owó yẹ fún un, nítorí òfin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe ní ọdún 1964, tí a mọ̀ sí Title VIII lónìí, ni ètò Nursing Workforce Diversity wà lábẹ́ rẹ̀, láti ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ipò wọn kò dára lọ́wọ́ pẹ̀lú owó, àtìlẹ́yìn ẹ̀kọ́ àti ìtọ́sọ́nà.

Fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ka èyí tí ẹ sì ń ronú láti bẹ̀rẹ̀, ẹ má gba akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba ẹyọ kan, kí ẹ bá a rìn láti ọdún àkọ́kọ́ títí yóò fi gba ìwé àṣẹ. Ẹ gba ìwé ètò kọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, kí ẹ fi ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà tiyín, kí ẹ sì pè é ní ọjọ́ kejì ìdánwò kọ̀ọ̀kan láìdúró kí ó kọ́kọ́ pè yín. Bí kò bá gbé fóònù, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ohunkóhun tí máàkì náà bá jẹ́, ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ ìyọwọ́ tó pé. Kí ẹ kọ ọjọ́ náà síbẹ̀.